Ẹ má tíì ta bẹ́ẹ̀dì ìyá yín! Owó táṣẹ́rẹ́ lè sọ yàrá àtijọ́ di àwòtúnwò

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbáà ṣe Iléyá tàbí Kérésì, ojú ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kì í kúrò lára ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ẹni tó kó àjọ á ní òun fẹ́ fi ra èyí tó ń dán gbinrin. Ẹni tí kò kó àjọ á bẹ ọlọ́jà pé kó jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á ní ti ayé àtijọ́ ni. Wọ́n á pe àwọn tó ń ra àlòkù kiri àdúgbò, àwọn yẹn á sì fi owó tí kò tó nǹkan gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lé jáde yẹn, bó bá jẹ́ ìrókò, apá tàbí ọ̀gànwó ni wọ́n fi kàn án, igi gidi ni. Ó ti gbé ìyá, ó ti gbé ọmọ, ó ṣì lè gbé ọmọ-ọmọ. Tuntun tó ń dán yẹn wá ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni, tí wọ́n wá fi bébà aláràbarà bò lójú. Bí omi bá kán sí i, á wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Bí ìṣó rẹ̀ bá sì yọ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà di ibẹ̀ mú dáadáa mọ́. Òjò kan ṣoṣo tó jò wọlé ti tó láti ba gbèsè oṣù mẹ́fà jẹ́.

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tó gbó nílé yín kì í ṣe ìtìjú. Ọrọ̀ ni, bí ẹ bá mọ bẹ́ẹ ṣe máa tún un ṣe.

ÒYÌNBÓ FI ÀLÒKÙ PAWÓ

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ tálákà lèyí, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Rachel Ashwell ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí ìlú Santa Monica, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1989. Shabby Chic ló pe orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Bí a bá ní ká túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kò ju pé “ó gbó, síbẹ̀ ó gbáfẹ́” lọ. Ọjà àlòkù ni obìnrin yìí ti máa ń ṣa ohun èlò ilé. Àga, kábọ́ọ̀dù, tábìlì, dígí, kò sí èyí tí kì í rà. Ó ń kùn wọ́n ní àwọ̀ tó rọ ojú lọ́rùn, ó sì ń fi aṣọ funfun tó ṣeé yọ fọ̀ bo àga, nítorí ilé ọlọ́mọ kì í sí láìdọ̀tí. Ojú ibi tí nǹkan ti gbó, kì í fi í pamọ́. Àwọn olówó wá ń tò wá ra ohun tí ẹlòmíràn ti fẹ́ sọ nù.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin o. Lọ́dún 2009, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, gbèsè gbé ilé-iṣẹ́ náà dé kóòtù, kó tó tún padà dìde lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n irú ọ̀ṣọ́ tó gbé jáde ò kú. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti di orúkọ tí gbogbo òyìnbó ń pe yàrá tí wọ́n bá fi àlòkù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ìyà ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yìí. Nígbà ogun Hitler, aṣọ di ohun tí ìjọba ń fi ìwé pín fún aráàlú. Lọ́dún 1943, ìjọba tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n pè ní Make Do and Mend, tó ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe máa lẹ àkísà, tí wọ́n á sọ aṣọ àgbà di tọmọdé.

Àwa náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀kú egúngún rí mọ̀ pé lábala-lábala ni. Aṣọ bàbá, aṣọ ìyá, aṣọ tuntun, aṣọ tó ti ṣá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tò léra wọn. Bí egúngún bá wá fẹ́ yíyí, ta ló máa sọ pé àkísà ló ń jó? Ọgbọ́n tó wà lára ẹ̀kú náà ló yẹ kó wọ yàrá wa.

Ẹ KỌ́KỌ́ KÓ ẸRÙ JÁDE

Ká ní ìyá kan tó ń ta ata ní Mushin fẹ́ tún yàrá òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe. Yàrá náà ò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóròó lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì ìrókò kan, kábọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́, àpótí ìyá rẹ̀, àti dígí tí férémù rẹ̀ ti ṣí. Bàálé ilé á kọ́kọ́ fajú ro. Á ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀ tá a fi máa padà sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá?” Ìyàwó á ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán, kẹ́ẹ tó sọ̀rọ̀.”

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò ná an ní kọ́bọ̀. Kó kó gbogbo ẹrù síta, kó gbálẹ̀, kó fọ ògiri. Kó wo òkè àjà bóyá òjò ń jò. Bí ògiri bá tutù, tó ń hu dúdú-dúdú, ọ̀dà kò lè gbé ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà olówó ńlá sí i, á ṣí bí èèpo iṣu láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé, kẹ́ẹ dí i kó gbẹ, kẹ́ẹ tó na owó sí búrọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà, kó fi ọwọ́ ra ògiri. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá funfun bíi pé ó di ẹfun mú, ọ̀dà àtijọ́ yẹn ti kú. Kó fi kànìnkànìn àti omi fọ̀ ọ́ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun máa bá a já.

Èló ni ọ̀dà tó máa tó o? Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, kí pẹ́ńtà má baà rẹ́ yín jẹ. Yàrá tó jẹ́ 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, fífẹ̀ ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 480 ẹsẹ̀ bàtà oníga mẹ́rin. Bẹ́ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó kù bíi 430. Gálọ̀ọ̀nù emulsion onílítà 4 sábà máa ń kun bíi 430 lẹ́ẹ̀kan, bí ògiri bá dán. Nítorí náà, gálọ̀ọ̀nù méjì ló máa kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ògiri bá rí págunpàgun, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ ra gálọ̀ọ̀nù mẹ́fà, ẹ bi í pé ilé ta ló fẹ́ fi ìyókù kùn.

ÌDUN ÀTI ÒJÉ, Ọ̀TÁ INÚ ÀLÒKÙ

Ohun tó lẹ́wà lè ní ewu nínú. Bẹ́ẹ̀dì àlòkù, pàápàá èyí tẹ́ẹ rà lọ́jà, lè gbé ìdun wọlé. Ìdun lè gbé oṣù mélòó kan láìrí ẹ̀jẹ̀ mu, nítorí náà, pé bẹ́ẹ̀dì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà pípẹ́ kò sọ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ tú u palẹ̀. Ẹ wo gbogbo oríkèé igi, ojú ìṣó àti ihò rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ da omi híhó sí gbogbo àlàfo, kẹ́ẹ sì sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Aṣọ ni kẹ́ẹ fi omi gbígbóná fọ̀. Fóòmù àlòkù ńkọ́? Ẹ má rà á rárá. Igi ṣeé fọ̀, inú fóòmù ò ṣeé fọ̀.

Ẹ má sì da kẹrosínì sára bẹ́ẹ̀dì, nítorí iná. Ẹ má fín Sniper sínú yàrá tẹ́ẹ ń sùn. Oògùn oko ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe, èémí rẹ̀ sì ń pa ènìyàn. Nítorí ìjàǹbá tó ń fà ni àjọ NAFDAC ṣe fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ onímílílítà 100 lọ́dún 2019.

Ọ̀tá kejì kò ṣeé fojú rí. Òjé ni. Láyé àtijọ́, òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà, pàápàá ọ̀dà olóròóró tó ń dán. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Nàìjíríà sì ti bá a nínú àwọn ọ̀dà tuntun míì pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá fi sáńpépà ha irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á bà sílẹ̀, ọmọdé á fọwọ́ kàn án, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ọmọ á máa gbàgbé ìwé, ara rẹ̀ ò sì ní balẹ̀. Ó léwu fún aláboyún náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó lé ní 400.

Kí wá ni ṣíṣe? Bẹ́ẹ ò bá mọ irú ọ̀dà tó wà lára igi náà, ẹ kà á sí pé òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná jó o. Ẹ lo sáńpépà dúdú tí wọ́n ń fi omi lò, èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò mọ̀ dáadáa. Ìta ni kẹ́ẹ ti ṣe é, kẹ́ẹ bo imú, kẹ́ẹ lé ọmọdé àti aláboyún jìnnà. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Kẹ́ẹ sì fọwọ́, kẹ́ẹ pààrọ̀ aṣọ kẹ́ẹ tó gbé ọmọ. Bí ọ̀dà àtijọ́ náà bá ti ń ṣí fúnra rẹ̀, tó sì pọ̀ jù, ẹ fi irú igi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹwà tó tó ọmọ.

ÀBẸ́LÀ KAN, POP DÍẸ̀

Òyìnbó obìnrin kan ní ìlú Oxford, Annie Sloan, ló gbé ọ̀dà kan jáde lọ́dún 1990 tó rí bí ẹfun, tí kì í dán, tó sì ń lẹ̀ mọ́ igi àtijọ́ dáadáa. Ti Annie Sloan wọ́n fún ẹni tó ń ta ata. Ṣùgbọ́n èyí tó jọ ọ́ ṣeé pò nílé. Ẹ mú agolo kan náà. Ẹ fi wọn POP kan àti omi kan, ẹ rò ó pọ̀ títí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ wá da emulsion agolo mẹ́ta lé e, kẹ́ẹ rò ó dáadáa. Ìwọ̀nba tẹ́ẹ lè lò tán ní kíákíá ni kẹ́ẹ pò, nítorí POP kì í dúró de ọ̀lẹ, ó máa ń le.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kun igi kó lè ní ojú àgbà rèé. Ẹ fọ igi náà kúrò nínú epo àti ìdọ̀tí, kó gbẹ. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ aró. Bó bá gbẹ, ẹ mú àbẹ́là, kẹ́ẹ fi ra etí igi, igun rẹ̀, àti ibi tí ọwọ́ ti máa ń kàn án. Ẹ wá fi funfun kùn ún lé e lórí. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sáńpépà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ra àwọn ibi tẹ́ẹ fi àbẹ́là ra. Funfun ò ní di ibẹ̀ mú, á ṣí, àwọ̀ ìsàlẹ̀ á sì yọjú. Á dà bíi pé ọwọ́ ìyá àgbà ló ti fi ọgbọ̀n ọdún pa á lójú. Ẹ má ṣe é ní gbogbo ara o. Ibi tí igi máa ń gbó fúnra rẹ̀ nìkan ni kẹ́ẹ ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dà bí ohun tí ewúrẹ́ jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fánísì tí kì í dán púpọ̀ bò ó, kí omi má baà tètè wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì, kábọ́ọ̀dù àti férémù dígí, àwọ̀ kan náà ni kẹ́ẹ fi kùn wọ́n. Ohun tó ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá á dà bí ọmọ ìyá. Ẹ gbé dígí náà kọ́ sí ọ̀ọ́kán fèrèsé, kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú yàrá. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí àtùpà bá ń wọlé yín, ẹ má lo funfun gbòò. Èyí tó pọ́n díẹ̀ bíi ti wàrà ló dáa jù, òun kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn.

ÌRÓ MÉJÌ DI KỌ́TÌNÌ

Ìyá kan ò gbọdọ̀ sọ pé òun ò lówó kọ́tìnì nígbà tí ìró àdìrẹ méjì wà nínú àpótí. Fèrèsé tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 ń fẹ́ aṣọ tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kó lè wọ́ dáadáa. Ìró méjì tó jẹ́ ọ̀pá méjì-méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bí ínṣì 46, ló máa ṣe é. Ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, tẹ́lọ̀ á ká etí rẹ̀, ó parí. Bí aró rẹ̀ bá ti ṣá díẹ̀, ẹ má kọminú. Ṣíṣá yẹn gan-an ni òyìnbó ń wá.

Àjákù ankará tó ń nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ náà wúlò. Ẹ gé wọn ní igun mẹ́rin kan náà, kẹ́ẹ rán wọn pọ̀ ní lábala-lábala, kẹ́ẹ wá fi aṣọ funfun ṣe ìtẹ́nú rẹ̀. Ó ti di aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò. Ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo àjákù náà kẹ́ẹ tó rán an, kí èyí tó ń ṣí aró má baà ba ìyókù jẹ́. Aṣọ òkè àtijọ́ tó ti ya, tí ibì kan ṣì dáa lára rẹ̀, ẹ fi ṣe ìbora ìrọ̀rí. Sányán ìyá ìyá ọkọ yín lórí ìrọ̀rí, ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àbùkù ni?

TI ONÍLÉ ÀTI TI MỌ̀LẸ́BÍ

Ọ̀rọ̀ méjì wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ìkínní ni ti onílé. Bẹ́ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu onílé kẹ́ẹ tó kun ògiri. Kẹ́ẹ sì rántí pé owó tẹ́ẹ ná sára ògiri, ti onílé ni. Owó tẹ́ẹ ná sára bẹ́ẹ̀dì, kábọ́ọ̀dù àti aṣọ, tiyín ni. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá ń kó lọ, ẹ ò lè ká ògiri sórí ọkọ̀. Nítorí náà, ìwọ̀nba ni kẹ́ẹ fi sára ògiri, ẹrù ni kẹ́ẹ fi èyí tó pọ̀ ṣe.

Ìkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀dì tí ìyá fi sílẹ̀ kú, tàbí àpótí rẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ kan lè gbà á tà láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ìyẹn di ìjà tí kò ní tán láàárín ọmọ ìyá. Ẹlòmíràn lè fi sáńpépà ha á, kí àbúrò sunkún pé ojú ọwọ́ ìyá òun ló ha nù. Ẹ pe ara yín jọ. Ẹ bi ara yín pé, “Ta ló fẹ́ ẹ? Ṣé kí á kùn ún ni, àbí kí á fi í sílẹ̀ bó ṣe rí?” Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kí búrọ́ọ̀ṣì kàn. Igi tó ní iṣẹ́ ọnà àwọn agbẹ́gilére lára, ẹ nù ún, kẹ́ẹ fi òróró pa á lójú, ó tó.

Ẹ̀YIN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́, ẸNU YÍN WÀ NÍBẸ̀

Káfíńtà tó gbọ́n kò ní sọ fún oníbàárà pé kó ju ìrókò sóde kó wá ra pákó alálẹ̀mọ́. Á ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká yọ ẹsẹ̀ yìí, ká fi èyí tó lágbára rọ́pò rẹ̀.” Òun á jẹ, oníbàárà á jẹ. Ẹlòmíràn lè fi owó díẹ̀ ra àlòkù, kó tún un ṣe, kó tà á ní ìlọ́po. Pẹ́ńtà, tẹ́lọ̀, alájákù aṣọ, gbogbo wọn ló ní ìpín níbẹ̀. Kí wọ́n sáà rántí pé eruku igi àti ọ̀dà ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n máa bo imú wọn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sùn lórí ohun tí ìyá rẹ̀ fi òógùn ra. Ìtìjú wà nínú kí ènìyàn máa sùn lórí gbèsè, kó máa la ojú sílẹ̀ lóru, kó máa ronú ohun tó máa sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbowó lówùúrọ̀. Ẹni tó bá ti tún yàrá rẹ̀ ṣe ní irú ọ̀nà yìí, kó kọ̀wé sí ojú ìwé lẹ́tà, kó sọ iye tó ná án àti ohun tí bàálé ilé sọ nígbà tó wọlé. Àwọn míì fẹ́ fi kọ́gbọ́n.